Ẹ̀jẹ̀ Tí Mi Ò Fún Akérékorò

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì Bíbélì mi, àti ẹ̀yin àgbà ìjọ tẹ́ ẹ máa ń pè mí ní Bàbá Ìfẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó dáadáa kí ẹni tó ń bá mi ka ìwé yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò dà nínú mi, mi ò sì lè bì í jáde. Dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti ń ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi wú bí igi tó ti pẹ́ nínú omi, àti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà ti di ìrìn àjò fún mi. Mi ò fẹ́ gbé orúkọ tí kì í ṣe tèmi wọ inú sàréè. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, ẹnì kan sì tún ti mọ̀ ọ́n báyìí láàárín yín. Ó tó kí gbogbo yín gbọ́ ọ. Tí ẹ bá sì gbọ́ ọ tán, ẹ má bá mi sunkún. Ẹni tó yẹ kí ẹ sunkún fún ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́.

Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí nígbà náà, èmi sì ni alábòójútó níbi ìlagi tó wà létí ojú irin. Àwọn tó bá dàgbà díẹ̀ nínú yín á rántí ariwo ẹ̀rọ wa, tí èèyàn á ti máa gbọ́ láti ibi tó jìn, àti ìyẹ̀fun igi tó máa ń bo ewé gbogbo igi àyíká, tí á dà bíi pé wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú kùn wọ́n. Ọkùnrin kan wà tó ń darí ayùn ńlá, Akérékorò ni gbogbo wa ń pè é. Ó kúrú, ọrùn rẹ̀ ki, ìtì igi tí ọkùnrin méjì bá ń bá wọ̀yá ìjà, ejìká ni òun nìkan á fi tì í dé ẹnu ayùn. Ó máa ń gbọ́ ohùn ayùn bí ìyá ṣe ń gbọ́ ohùn ọmọ, á sì sọ fún yín pé igi yìí gbẹ, igi tọ̀hún ní kókó nínú. Ìjọ kan náà ni a jọ ń lọ. Èmi ni mo ń kọ́ni, òun ni í máa sùn. Lọ́jọ́ kan tí mo bá a wí, ó ní, “Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín ló dùn jù. Oorun gbọ́ ọ lóde, ó wá jókòó tì mí.” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ mi.

Ìfẹ́ ni mo sábà máa ń kọ́ni nípa rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ròyìn débi pé àwọn obìnrin á máa nu ojú. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn ún ròfọ́ ni ọ̀rọ̀ tèmi. Akérékorò kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ìfẹ́ kí ó má dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn ilé opó àgbà kan yọ kúrò nínú férémù, òun ló fi ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kan òmíràn fún un, a kì bá mọ̀ bí obìnrin náà kò bá sọ ọ́. Nígbà tí ògiri yàrá ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ilé iṣẹ́ wa wó, ọ̀dọ̀ Akérékorò ni òun àti ìyàwó rẹ̀ kó sí fún oṣù méjì, nínú yàrá méjì péré. Mo bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń sùn. Ó ní, “À ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà ni.”

Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí mo kọ́ni tán lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sí ìjọ wá yẹ irú ẹ̀jẹ̀ oníkálukú wò. Nínú gbogbo ìjọ, àwa méjì péré ni wọ́n bá irú ẹ̀jẹ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n lára wa, èmi àti Akérékorò. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wá wò ṣàlàyé pé a lè fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí àwa bá nílò ẹ̀jẹ̀, àfi kí a rí i lọ́dọ̀ ẹni tó ní irú tiwa. Ó ní ẹnì kan tí òun tún mọ̀ ni tíṣà kan tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ìlú kejì, ìrìn wákàtí kan, tí kì í kọ̀ bí wọ́n bá pè é. Akérékorò na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Olùkọ́, a ti di ọmọ ìyá kan náà nìyẹn. Ẹ má gun ọkọ̀ níwàkuwà mọ́ o, èmi ni taya àfipamọ́ yín.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn lóòrèkóòrè. Èmi? Bí wọ́n bá pè mí lónìí, ibà ń ṣe mí. Bí wọ́n bá pè mí lọ́la, iṣẹ́ pọ̀. Abẹ́rẹ́ ni mo ń bẹ̀rù, Akérékorò sì mọ̀, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣẹ̀sín lójú ẹnikẹ́ni rí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyàwó mi bí àbíkẹ́yìn wa. Ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo di orí mú, mo ń gbàdúrà, àdúrà tó gùn. Ẹnì kan ti lọ sọ fún Akérékorò níbi iṣẹ́ kí n tó ronú kàn án. Bó ṣe wà nídìí ayùn ló ṣe wá, ìyẹ̀fun igi wà nínú irun orí rẹ̀ àti nínú ìpéǹpéjú rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì ní láti fọ apá rẹ̀ kí wọ́n tó lè rí iṣan. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó mu omi, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó mi yè. Àbíkẹ́yìn mi tí ẹ mọ̀, ọmọ tí kì í jẹ́ kí oṣù kan parí kó má pè mí láti òkè òkun, ẹ̀jẹ̀ Akérékorò ni kò jẹ́ kó di ọmọ òrukàn ìyá lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Mo jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe ní ìjọ, mo jẹ́rìí náà pẹ́. Ibi tí mo ti ń jẹ́rìí lọ́wọ́ ni ó tún sùn sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́, ẹ ò ní mọ ohun tó dè mí lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan gba yàrá sí ẹ̀yìn ibi ìlagi. Ó máa ń wá ṣa ègé igi tí yóò fi dáná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa á. Ohun tó tẹ̀ lé e, àgbà yín mọ̀ ọ́n. Ó tó bí oṣù márùn-ún tí mo ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ lábíyá. Nígbà tó yá, obìnrin náà rù, ó ń wúkọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ wá kó o lọ, àwọn aládùúgbò sì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àrùn tí kò gbóògùn ni, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè wo iṣan apá ara mi kí ọkàn mi má fò. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mi ò lọ ṣàyẹ̀wò. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá dé, mo máa gun orí pèpéle, màá kọ́ni nípa ìfẹ́.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ayùn kan irin nínú ìtì igi kan. Ẹnì kan ti kan ìṣó gbọ̀ngbọ̀n mọ́ igi náà nígbà tó ṣì kéré, igi sì dàgbà bo ìṣó mọ́ inú. Akérékorò gbọ́ ọ. Mo rí i tó gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ayùn ti já, ègé rẹ̀ kan sì ti wọ itan rẹ̀. Bẹ́líìtì mi ni a fi so itan náà. A gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, mo gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sórí pákó. Ojú rẹ̀ dá. Ó ní kí n bá òun bẹ dókítà kó má gé ṣòkòtò náà, pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an ni. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ó sì sá dé ilé ìwòsàn bá wa pẹ̀lú òwú ìránṣọ tó ṣì rọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀.

Dókítà ní òun kò lè fọwọ́ kan itan yẹn láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọ ara ọkùnrin náà ná. Àpò kan ni kí wọ́n tètè wá, kí èkejì tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn kò ní irú rẹ̀ nípamọ́, nítorí òun Akérékorò fúnra rẹ̀ ni í máa fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ti lo èyí tó fi sílẹ̀ kẹ́yìn tán. Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní irú tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, èmi á wọ ọkọ̀ lọ bá tíṣà yẹn.” Awakọ̀ wa wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń wo Olùkọ́. Mo ní, “Ẹ dúró ti ọkọ yín. Ẹ fi tèmi sílẹ̀ fún mi.” Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rántí ohun tó wà nínú ara mi. Ẹnu mi kì í pẹ́ẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, ọkùnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ so rọ́bà mọ́ apá mi, ó sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń to nǹkan sílẹ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò bóyá àrùn kankan wà níbẹ̀, pé kò ní pẹ́, òun á sì kọ ohun tí òun bá rí sínú ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì. Mo wo ìwé náà. Nọ́ọ̀sì tó jókòó tì í, ọmọ kíláàsì Bíbélì mi ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sì dìde lọ sí wọ́ọ̀dù. Mo fa apá mi padà. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn ibà pọ́njúpọ́njú, pé mo gbàgbé, pé ẹ̀jẹ̀ mi lè pa aláìsàn lára. Ó tú rọ́bà náà. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n tètè sọ fún àwọn ẹbí kí wọ́n wá ẹlòmíràn, nítorí ọkùnrin yẹn kò ní rí ọ̀sán bó bá ń lọ báyìí. Mo ní màá sọ fún wọn. Mo tiẹ̀ ń sọ fún ara mi pé àánú ni mo ṣe Akérékorò, pé mi ò fẹ́ kó àrùn ràn án. Ẹ wo bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe lè wọṣọ fún ẹ̀ṣẹ̀. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ mí wò, àyẹ̀wò ni ì bá sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ náà dára tàbí kò dára. Kì í ṣe òun ni mo ń dáàbò bò. Orúkọ mi ni.

Òwú funfun wà nínú àwo kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi mú díẹ̀ níbẹ̀. Títí dòní, mi ò lè sọ ìgbà tí mo pinnu. Mo fi òwú náà sí kọ́rọ́ apá mi, mo ká apá mi pọ̀ mọ́ ọn, bí àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣe ń ṣe, mo sì jáde bẹ́ẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó Akérékorò rí òwú náà, ó wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n sunkún ọmọ. Mo ní, “Ẹ dìde, ìyàwó wa. Ohun tí Kristẹni ń ṣe fún ara wọn náà nìyí.” Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó wá béèrè bóyá kí òun ṣì lọ bá tíṣà ìlú kejì. Ọkọ̀ wa wà níta. Awakọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Bí mo bá ní “Ẹ máa lọ,” irọ́ mi ì bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tíṣà ì bá dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Àmọ́ mo rò ó pé bí tíṣà bá dé, wọ́n á béèrè èwo ni ti Olùkọ́. Mo ní, “Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká wo bí eléyìí á ṣe ṣe é.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ayùn kọ́ ló pa Akérékorò. Gbólóhùn yẹn ni.

Ó wọlé lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ká apá mi, mo ń wo aago ara ògiri. Ọkùnrin aláyẹ̀wò yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè bóyá ẹni yẹn ti ń bọ̀, mo ní ó ti wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan wá pè mí pé Akérékorò ń béèrè mi. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé mo ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, pé wọ́n á gbé e wá láìpẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí irin òwúrọ̀. Ó ní, “Ọmọ ìyá mi, ẹ ṣeun. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún ò dùn yín jù?”

Mo ní, “Kò dùn mí.”

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn nìkan ló jẹ́ òótọ́.

Mo kúrò níwájú rẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé mo fẹ́ lọ mú tíṣà wá kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ tó, mo sì bẹ awakọ̀ kó sáré. Nínú kíláàsì la ti bá tíṣà náà. Kò béèrè orúkọ aláìsàn, kò béèrè ìjọ tó ń lọ. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ máa kàwé, ó sì ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí a tó kúrò nínú ọgbà ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ló ká a títí a fi dé. Nígbà tí a wọlé, wọ́n ti fa aṣọ bo Akérékorò lójú, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ lórí itan. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, kò pariwo, pé kí ló dé tí a kò tètè wá pe òun láàárọ̀. Mo ní ọ̀nà ni kò dáa.

Ọkùnrin aláyẹ̀wò wá bá mi nílé lọ́jọ́ kẹta. Ó ti gbọ́ nílùú pé mo fún olóògbé lẹ́jẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ tú mi fó, àṣé ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó ní òun ti jókòó sínú yàrá yẹn ju wákàtí méjì lọ láìjáde wá bá ẹbí sọ̀rọ̀, pé bí ọ̀gá òun bá gbọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ó ń kọ́lé lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ní kó wá máa kó pákó níbi ìlagi. Ó kó o. A kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Nọ́ọ̀sì tó rẹ́rìn-ín sí mi ti jáde lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn kí n tó fa apá mi padà, òun náà gbà pé mo fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Dókítà sọ fún opó pé ẹ̀jẹ̀ kò tètè dé. Opó túmọ̀ rẹ̀ sí pé tèmi nìkan ni kò tó. Mo jẹ́ kó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo wàásù níbi ìsìnkú. Mo sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ tó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́, gbogbo ìjọ sì ń mi orí, wọ́n ń wo apá mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àgbàlagbà kan pè mí ní Bàbá Ìfẹ́, orúkọ náà sì mọ́ mi lára. Mo bo òrùlé ilé opó. Mo bá a sin ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ, èmi ni mo dúró bíi bàbá. Mo wá iṣẹ́ alurin fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀yin rí gbogbo rẹ̀, ẹ sì fi ń ṣàpèjúwe fún ọmọ yín. Ẹ̀bi ló ń tì mí kiri. Ìfẹ́ kọ́. Èyí tó tún wá burú jù ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, wọ́n yẹ gbogbo wa wò níbi iṣẹ́, kò sì sí ibi tí mo lè sá sí. Mo ti múra ikú sílẹ̀. Wọn kò rí nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ kedere láti ọjọ́ yìí wá. Èmi tí mo ni ẹ̀jẹ̀ ni mi ò mọ́.

Ìyàwó mi ti kú báyìí, kò sì mọ̀. Àwọn ọmọ mi jìnnà. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn tí ẹsẹ̀ kọ̀ mí, opó Akérékorò fúnra rẹ̀ wá. Màmá yín Aránṣọ ni mò ń wí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀ ló ń wá. Ó ń gbé omi gbóná, ó ń wẹ̀ mí, ó ń nu ibi tí ọmọ mi pàápàá lè máa wò pẹ̀lú ìtìjú, ó ń pa aṣọ bẹ́ẹ̀dì dà, á sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe wàhálà mọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ lára fún ọkọ mi. Kí ni omi?” Ẹ má béèrè bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí lára mi láràárọ̀, fún oṣù mẹ́jọ. Ó dà bíi pé òun ló ń fi kànrìnkàn tútù fọ̀ mí, àmọ́ tó ń jó mi bí irin gbígbóná.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ó ń fọ ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó kàn rọra ń wẹ àárín ọmọ ìka mi, ó ń ṣọ́ra kó má tẹ ibi tó wú, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ní, “Màmá, mi ò fún un.” Ó ní kí ni mi ò fún ta. Mo sọ ọ́ láti orí òwú dé orí “Ẹ dúró ná.” Kò gbójú sókè. Nígbà tí mo dákẹ́, ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

“Ó mọ̀ kó tó kú?”

“Kò mọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Ó fọ ẹsẹ̀ kejì tán. Ó nù ún gbẹ. Ó gbé omi náà lọ dà nù, mo gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo sì gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò wá. Aládùúgbò kan ń gbé omi mímu fún mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wẹ̀ mí. Mo dùbúlẹ̀ sínú ìdọ̀tí ara mi, mo gbọ́ òórùn ara mi, mo sì sọ fún Ọlọ́run pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, aago méje òwúrọ̀, mo gbọ́ ìró korobá. Kò kí mi. Ojú rẹ̀ wú. Ó ṣí aṣọ kúrò lára mi, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó dé ẹ̀yìn mi, tí mi ò rí ojú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mi ò tíì dárí jì yín o. Kí ẹ má rò pé ohun tí mo wá ṣe nìyẹn. Ara yín ló ń rùn.” Ó tún fi omi sí aṣọ ìnura, ó ní, “Olúwa kò ní kí n dúró dìgbà tí inú mi bá yọ́ kí n tó gbé omi.” Mo sunkún bí ọmọdé. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Kó tó lọ, ó ní òun ò ní bá mi sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, pé èmi fúnra mi ni màá fi ẹnu mi sọ ọ́ fún wọn, kí n sì sọ ọ́ fún ìjọ.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n bá mi kọ ìwé yìí nìyẹn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyẹn ọ̀la ọjọ́ tí mo ń sọ ọ́ yìí, àwọn ọmọ Akérékorò méjèèjì á wá sí yàrá yìí, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ̀yin á gbọ́ ọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ sí mi, ẹ má bá mi bẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá bú mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára ògiri gbọ̀ngàn kíláàsì. Bí mo bá kú, kí ẹnikẹ́ni má dìde sọ ohun tí mo ṣe fún aláìní, nítorí ẹni tó ṣe aláìní jù lọ tí mo pàdé láyé yìí béèrè ohun tó wà lára mi, mo sì fún un ní gbólóhùn dídùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti kọ́ yín ní ìfẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ẹ gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ra fún ẹnu tó bá ń dùn jù, pàápàá tó bá jẹ́ tiyín. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ bá ń fi pamọ́ yóò dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí ẹnì kejì yín bá nílò yín, kò sì ní jẹ́ kí ẹ kọjá. Ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bí ìfẹ́ ṣe rí, ẹ má wo pèpéle. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá Aránṣọ lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, nígbà tó bá ti tọ̀dọ̀ mi dé. Ẹ máa rí i pé ìka rẹ̀ ṣì hunjọ nítorí omi. Ẹ má bi í ní ohunkóhun. Ẹ kàn kí i.